Ọwọ́ Mi Ni Mo Fi Ń Pè É

Ẹ má tíì sọ̀rọ̀, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó síbẹ̀ kí n sọ tèmi tán, torí ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ tiyín, ẹ̀yin lẹ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn láàbù wa yìí láàárọ̀ òní tí ẹ ń bi ọ̀gá mi pé, “Ṣé ti ìyàwó mi ṣì ń rìn?” lójú èmi tí mo gbé àwo sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kan lọ́wọ́. Ti ìyàwó yín. Ọ̀gá mi wolẹ̀, kò lè wò mí lójú. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú, èmi àbúrò rẹ̀ ni mo ń fún jẹjẹrẹ tó pa á lóúnjẹ.

Àwa kì í fi orúkọ aláìsàn pe àwo. Ìwà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń hù la fi ń pè é. Ọ̀lẹ wà níbẹ̀, Oníjàgídíjàgan wà níbẹ̀. Èyí, nítorí pé kì í jókòó sójú kan, èmi ni mo sọ ọ́ ní Arìnnàkore. Mo máa ń kí i bí mo bá gbé e jáde nínú àpótí tó ń mú un móoru. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i, Bọ̀dá.

Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe? Sẹ́ẹ̀lì kò lójú, kò nímú. Ohun tó ní ni àwọn olùgba-ìpè tó tò yí awọ rẹ̀ ká bí etí. Èmi á kán omi ìpè sí ẹ̀gbẹ́ kan àwo. Bí omi yẹn bá kan etí apá ibẹ̀ ju ti apá kejì lọ, etí á ta inú lólobó, iwájú á yọ bí ẹsẹ̀, á lẹ̀ mọ́lẹ̀, á sì wọ́ ẹ̀yìn tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni awọ ara ṣe ń rìn wá dí ojú ọgbẹ́ bí ẹ bá fi ọ̀bẹ gé ọwọ́, iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n irú ìpè bẹ́ẹ̀ ni èyí gbọ́ nínú ọmú ẹ̀gbọ́n mi tó fi dìde lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Èmi wá jókòó, mò ń pè é. Lápá ọ̀tún, ó wá. Lápá òsì, ó wá. A ti sin ín, ó ṣì ń dá mi lóhùn.

Kí lẹ wí? Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí ẹ má sọ? Pé kí n má baà kọ iṣẹ́ náà? Ta ló bi mí? Ara rẹ̀ ni, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi sílẹ̀ fún ìmọ̀. Òun náà ló tì mí padà sílé ìwé nígbà tí mo ti bímọ mẹ́ta, tí àwọn tí a jọ jókòó ń pè mí ní màmá. Òun kọ́ ni mò ń bá jà. Ẹ̀yin ni. Ẹ ń wá jẹun nílé mi, ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ ńkọ́, èmi á ní Arìnnàkore ń ṣe dáadáa, ẹ̀yin tí ọ̀gá mi ti sọ fún pé òun ni ti ìyàwó yín, ẹ á mirí. Ẹ mọ̀, ẹ sì ń mirí. Ẹ má pe ìyẹn ní àánú, irọ́ ni. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ara, kí ló dé tí ẹ ò gba ti ẹni tí ẹ fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́?

Lẹ́yìn tí ẹ sọ̀rọ̀ yẹn, mo padà lọ wò ó. Mi ò lè pè é ní Arìnnàkore mọ́, mi ò sì lè fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi pè é. Mi ò kán nǹkan kan sí i. Ó kàn ń yọ ẹsẹ̀ síhìn-ín, ó ń yọ ọ́ sọ́hùn-ún, bí ẹni tí wọ́n ń pè tẹ́lẹ̀ tí kò gbọ́ ohùn mọ́.

Oògùn tó ń dí etí sẹ́ẹ̀lì kó má gbọ́ ìpè mọ́ ti dé. Òní ló yẹ kí n fi sí i, kí a mọ̀ bóyá yóò dúró. Bó bá dúró, ó lè gba ìyàwó ẹlòmíràn là, mo mọ̀, mi ò ya òpònú. Ṣùgbọ́n mi ò ní dá a kán. Ẹ dìde. Ẹ fọwọ́ níbẹ̀ yẹn, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ̀yin lẹ máa kán an, èmi á di ọrùn ọwọ́ yín mú, ẹ ó sì fi ojú yín méjèèjì wò ó títí tí kò fi ní wá mi mọ́.