Èmi Ni Mo Sọdá Odò Náà

Alàgbà Ajíbádé, ẹ ṣé fún àga, ṣùgbọ́n màá dúró. Ẹ̀yin tí mo bẹ̀ pé kí ẹ yà sílé wa lẹ́yìn ìsìn òní, ẹ̀yin náà lẹ wà nínú pálọ̀ yìí ní nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí a pe Victor tó ń tún fóònù ṣe wá jẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ tú palẹ̀ lónìí, nítorí kò ṣeé gbé sùn mọ́. Mo mọ̀ pé òwe irọ́ ogún ọdún ti wà lẹ́nu àwọn kan nínú yín. Ẹ dákun, ẹ gbé e mì ná. Irọ́ tèmi ò tíì pé ọdún méjì, ó sì ti jẹ mí dé egungun.

Ẹ mọ̀ mí dáadáa. Èmi Bọ́sẹ̀dé ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá kí n tó fẹ̀yìn tì. Kò sí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó kọjá lábẹ́ ọwọ́ mi tí kò gbọ́ ọ pé géèmù ń ba ọpọlọ jẹ́. Mo gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀, mo tì í pa. Níbi ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mò ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀, tí ẹ̀yin ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹnu mi yìí dùn púpọ̀ nígbà náà.

Nígbà tí Akíntọ́lá ọkọ mi ṣubú lórí ọ̀kadà lọ́nà Ìsẹ̀, tí itan rẹ̀ dá, Ọ̀rẹ́olúwa ọmọ wa tó wà l'Ábújá fi tábúlẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́ sí i kí ìjókòó má baà sú u. Victor ló bá a gbé géèmù sí i. Kì í ṣe ti ejò tó ń jẹ èso tí a mọ̀ látijọ́ o. Irú èyí tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, àfi kí èèyàn ra àpótí rẹ̀ kó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ni. Gbogbo rẹ̀ ti wá wọ inú ohun tí kò nípọn tó ìwé orin. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń wọlé, ó jẹ dátà bí ẹni tí ebi ti ń pa bọ̀ láti oko. Kí Victor tó rà á, ó ní kí ọkọ mi mú ímeèlì wá. Ọkọ mi tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilẹ̀ kò ní ímeèlì. Ó ní ìwé tí kò ní òǹtẹ̀, òun ò mọ̀ ọ́n sí ìwé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi tèmi ṣí àkáǹtì náà. Owó rẹ̀ ló rà á, orúkọ mi ló wà lórí rìsíìtì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ilẹ̀ rí, ẹ mọ ibi tí irú rẹ̀ máa ń já sí.

Láti ọjọ́ náà, ọkọ mi di ẹni tó ń dá rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Á rẹ́rìn-ín, á mí kanlẹ̀, á ní "ẹ wò ó o," bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun nìkan ló wà níbẹ̀. Bí mo bá gbé oúnjẹ wọlé, ọrùn mi á gùn. Màá rí ọkùnrin kékeré kan tó ń rìn nínú koríko gíga, oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn àpáta. Kí ló wà lẹ́yìn àpáta yẹn? Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo sì ti fẹnu sọ púpọ̀ jù láti bèèrè, èmi tí mo ti pè é ní iṣẹ́ èṣù lórí pẹpẹ.

Ọjọ́ Túsìdeè kan, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù níbi tí wọ́n ti ń na ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ti rọra gbé géèmù náà sórí fóònù mi láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, mo wá ṣí i. Wọ́n ní kí n fi nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ímeèlì mi wọlé. Ímeèlì tèmi kúkú ni. Mo ní kí n kàn yọjú fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ gbọ́, odidi ìkòkò ẹ̀wà ló jóná. Mo rí ilé tí ọkọ mi kọ́ síbẹ̀. Mo rí òkúta mẹ́rin tó rì mọ́ igun ilẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Mo rí ebè iṣu tó kọ, ó gún régé, mo wa mẹ́ta wò níbẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá ìkẹ́rùsí. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo ti ń bá ọkùnrin yìí gbé, n kò mọ̀ pé ohun tó wù ú lọ́kàn ni pé kó ní ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní bá a du.

Ohun tí n kò kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ilẹ̀ tí ọkọ mi ní nínú géèmù náà kò gbé inú tábúlẹ́ẹ̀tì, kò sì gbé inú fóònù mi. Ọ̀dọ̀ àwọn tó tà á ló wà. Ojú fèrèsé méjì ni èmi àti ọkọ mi ń gbà wo yàrá kan ṣoṣo. Ohunkóhun tí mo bá ṣe, òun náà á bá a níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ló ti pè mí. Ó ní, "Ìyá Ọ̀rẹ́, ẹnìkan ti wọ ulé mi. Wọ́n ti wa uṣu mi mẹ́ta." Ó fa ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ yọ gẹ́gẹ́ bí ìgbà tó ń lọ wo ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí, ó kọ déètì, ó kọ iye iṣu. Mo ṣe háà, mo ní ta ló lè ṣe irú èyí. Ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, à bá fi rẹ́rìn-ín, oúnjẹ ọ̀sán là bá sì fi parí rẹ̀. N kò sọ ọ́. Mo tún padà wọlé lọ́jọ́ Túsìdeè kejì.

Odò kan wà lápá ìwọ̀ oòrùn nínú ilẹ̀ yẹn. Oṣù mẹ́ta ni ọkọ mi ti fi ń gbìyànjú láti sọdá rẹ̀, odò á gbé e lọ ni. Ó kan afárá, ó wó. Èmi jókòó sí bèbè rẹ̀, mo kàn ń wò. Mo rí i pé àwọn ewúrẹ́ kan máa ń wá mumi, wọ́n á rìn lọ sókè díẹ̀, wọn ò ní sí mọ́, nígbà tó bá ṣe, wọ́n á wà lódìkejì. Ìyá mi máa ń sọ fún mi nígbà tí a bá ń lọ oko pé ẹran ọ̀sìn ló mọ ibi tí odò ti fà. Mo tẹ̀lé wọn. Omi ò kọjá orúnkún. Nígbà tí mo gun òkè bọ́ sódìkejì, tí mo rí àfonífojì náà tó tẹ́ lọ, tí ẹyẹ funfun gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, omi bọ́ lójú mi. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì kúrò ní Èkìtì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láyé mi.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi bá ara rẹ̀ lódìkejì odò. Ó ń yí i wò títí di ọ̀sán. Ó wá ní, "Olè ni o, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò. Yàtọ̀ sí èmi àti òun, Victor nìkan ló mọ páásíwọ́ọ̀dù náà, nítorí òun ló bá wa ṣí àkáǹtì. Kò sì sẹ́ni tó lè ro èmi, ìyá tí ń gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Ó ránṣẹ́ sí Alàgbà Ajíbádé, Alàgbà sì pè yín jọ.

Ẹ rántí bí pálọ̀ ṣe kún lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo wa jókòó. Victor wọlé tààrà láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó kí wa, kò sẹ́ni tó ní kó jókòó. Ìdúró ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní òun ò wọ inú àkáǹtì náà rí láti ọjọ́ tí òun ti gbé e lé Bàbá lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n gba fóònù òun kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá gbà á ni, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀, àṣírí mi á tú. Nígbà náà ni Alàgbà yíjú sí mi, wọ́n ní èmi ni mo máa ń wà nílé, ṣé n kò kíyè sí nǹkan kan. Gbogbo yín wò mí. Ẹ mọ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Victor bèèrè páásíwọ́ọ̀dù yẹn lọ́wọ́ mi lóṣù tó kọjá." Irọ́ ni. Irọ́ funfun báláú ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ìwé ló sọ ọ́, ìyá ìjọ ló sọ ọ́, kò sẹ́ni tó tún béèrè fóònù Victor mọ́. Òun kò pariwo. Ó kàn ní, "Màmá?" N kò lè wo ojú rẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, sálúbàtà rẹ̀ ti já létí kan.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn ti ń lọ gba fóònù wọn padà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pé ẹni tó bá lè yọ́ wọ géèmù bàbá arúgbó, báńkì àwọn ni yóò kàn. Láàárín oṣù kan, ó palẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀, Christiana, tó ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti ìgbà ọ̀dọ́ wa, kò wá síbi ìdánrawò mọ́. Ẹ rò pé ibẹ̀ ló parí sí? Ẹ̀rù ṣì ń bà mí pé ẹlòmíràn lè tọ ipasẹ̀ mi nínú àkáǹtì yẹn, nítorí náà mo ní kí àwọn tó ta géèmù náà pa á rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ̀ ẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ilé, iṣu, òkúta mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ pòórá lójú tábúlẹ́ẹ̀tì ọkọ mi.

Ó kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà, ó ní kí n bá a tẹ̀ ẹ́. Ó kọ ọ́ lọ́nà tí wọ́n ń gbà kọ ìwé ìjọba, pé òun ra ohun ìní, òun sì fẹ́ gbà á padà. Èsì wá sínú ímeèlì mi. Wọ́n ní kì í ṣe eré náà la rà, àṣẹ láti máa ṣe é la rà. Wọ́n ní ẹni tó ni àkáǹtì ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ìwé tiwọn, èmi ni mo ni ín, n kò jalè kankan. Mo fi èsì náà pamọ́. Mo sọ fún ọkọ mi pé wọ́n ní Victor ti bà á jẹ́ kọjá àtúnṣe. Ó mi orí, ó ní àṣé ìṣákọ́lẹ̀ lòun ń san, òun ń pè é ní ilẹ̀ òun. Ó ṣe mí bí ẹni pé kí n jẹ́wọ́. N kò jẹ́wọ́.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, Ọ̀rẹ́olúwa tún géèmù kan náà rà fún bàbá rẹ̀, lórúkọ ara rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ó tún kọ́lé, ó tún ri òkúta mẹ́rin mọ́lẹ̀, ó tún dé etí odò, odò sì tún gbé e. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń bẹ iṣu, ó ní, "Ìyá Ọ̀rẹ́, wá nọ́ńbà Victor fún mi. Mo ti dárí jì í. Kó wá fi ibi tó gbà sọdá hàn mí." Ó fẹ́ dárí ji ẹni tí kò ṣẹ̀, èmi tí mo ṣẹ̀ ń bẹ iṣu. Mo ní, "Èmi ni." Ó ní èmi kí ni. Mo ní èmi ni mo wa iṣu, èmi ni mo sọdá odò, èmi ni mo pa àkáǹtì rẹ́, Victor kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà lélẹ̀. Ó wá béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Báwo lo ṣe sọdá?" Mo ní mo tẹ̀lé àwọn ewúrẹ́ ni. Ó ní, "Ewúrẹ́," ó mi orí. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni kò jẹ oúnjẹ tí mo sè.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ní kí n lọ bá Victor. Mo wọkọ̀ lọ sí Òmùò, níbi tó kó lọ. Mo bá a lábẹ́ agboòrùn kan létí títì, ó ń jó ojú ibi tí wọ́n ń ki ṣájà bọ̀ lára fóònù kan. Mo kúnlẹ̀, ó yára gbé mi dìde. Mo rò fún un látòkè délẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó pa iná irin rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ lọ sọ ọ́ níbi tẹ́ ẹ ti sọ ti àkọ́kọ́." Kò bú mi, ó tún tan iná irin rẹ̀.

Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mo ti gba fóònù yín rí, ẹ forí jì mí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ojú ẹni fẹ́ rí òdìkejì odò. Bíbèèrè ló yẹ kí n bèèrè. Bí ẹ bá sì ṣe nǹkan, ẹ jẹ́ kó mọ́ yín lórí, ẹ má ṣe wá ẹni tí ẹ máa gbé e lé. Christiana, mo dúpẹ́ tí o wá; n kò ní ẹnu tí mo lè fi bẹ̀ ọ́, bí o bá fẹ́ gbọ́, màá wá sílé rẹ. Ọkọ mi, o ṣé tí o tún ń jẹ oúnjẹ mi.

Mo ti sọ ọ́ tán, Alàgbà. Victor wọlé láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Àga tí ẹ fún mi ṣì ṣófo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún un kó jókòó.