Fọ́tò Tí Mo Fi Ránṣẹ́ Láì Bèèrè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ wà lọ́rùn mi. Ẹ̀yin ará, ìtìjú wà nínú ẹ̀rí yìí, ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé n ó jẹ́ ẹ.

Ẹ mọ̀ mí sí tíṣà. Ẹ tún mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ tó mi lórí Wọ́sáàpù ìjọ wa. Lọ́jọ́ Túsídeè kan, nígbà tí àwọn ọmọ lọ ṣeré, fọ́tò kan wọlé sórí fóònù mi. Ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀ tó ń gbé ọmọbìnrin kékeré kan sínú mọ́tò, ọmọ náà sì ń sunkún. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé gbọ́mọgbọ́mọ ni, pé ọ̀nà Ayépé ló ń gbà lọ. N kò bèèrè ibi tí fọ́tò náà ti wá. Mo fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù mẹ́sàn-án, mo tún fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé òótọ́ ni. Inú mi dùn pé mo ran ìlú lọ́wọ́.

Kò tó wákàtí kan tí ìyá Ṣakírátù, ọmọ kíláàsì mi kan, fi pè mí. Ẹkún ló ń sun.

"Anti, bàbá Ṣakírátù lẹ pè ní gbọ́mọgbọ́mọ yẹn. Àbúrò Ṣakírátù tí etí ń dùn ló ń gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí láti oríta kan lọ́nà Ayépé ni, wọ́n ń lù ú, fóònù sì ti já."

Mo kúnlẹ̀ nínú yàrá àwa tíṣà, mo bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kí ọkùnrin náà kú, kó sì kọ́ mi ní ohun tí n ó ṣe. Mo kọ́kọ́ ń pa fọ́tò náà rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti pín in kọjá ibi tí ọwọ́ mi tó. Ìgbà náà ni Ọlọ́run fi sí mi lọ́kàn pé kí n sọ̀rọ̀ sínú fóònù. Mo ní, "Èmi Anti Bísí tíṣà ni mo ní òótọ́ ni. Irọ́ ni mo pa. Bàbá ọmọ yẹn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀." Mo fi ohùn náà ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí mo fi fọ́tò sí.

Ẹ wo iṣẹ́ Olúwa. Aránṣọ kan tí mo kọ́ ní praímárì ní ṣọ́ọ̀bù sí oríta náà. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi ló dá a mọ̀. Ó wọ àárín èrò lọ, ó gbé fóònù sókè, ó ń tẹ ohùn náà ní àtẹ̀túntẹ̀ títí ọwọ́ wọn fi rọ̀. Wọ́n ti fọ́ ọkùnrin náà lórí, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́.

Mo lọ bá a ní ọsibítù. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Ó dá mi lóhùn pé:

"Anti, mo ti dárí jì yín nítorí Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọmọ mi tí wọ́n lù mí lójú rẹ̀ kì í fẹ́ jáde mọ́."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbààwẹ̀ nítorí ọmọ yẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá rẹ̀ pè mí pé ọmọ náà tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sọ́jà, ó sì sáré ṣíwájú rẹ̀ wọ inú ọjà. Ẹ̀yin ará, ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀. Bàbá wà láàyè, ọmọ ti ń jáde. Ọlọ́run nìkan ló ni ògo rẹ̀.