Ojú-Ìwé Kan Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Nóòtì Fọlákẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi títí ẹ ó fi kà á dé òpin. Obìnrin àgbà ni mí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí ó fi kú, mi ò sì sọ ọ́ fún àlùfáà wa. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti lọ ju ogún ọdún lọ dáadáa, òtítọ́ ò sì tíì bá a, ó wá ku èmi fúnra mi kí n dúró dè é.

Ohun tó ru ọ̀rọ̀ náà sókè nínú mi nìyí. Lóṣù tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ inú ìjọ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ní kí n wá fún àwọn ní ìmọ̀ràn. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ báyìí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pín nóòtì fún ara wọn. Ọmọ mi obìnrin ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ìyókù, mo fi ẹnu àgbà gbé e.

Mo ní kí wọ́n má máa fi nóòtì ránṣẹ́ sí ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí kò ní pẹ́ tí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á fi wà lọ́wọ́ kálukú. Kí wọ́n gbé ẹyọ kan síbi tí gbogbo wọn ti lè rí i. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe sórí rẹ̀. Kí àwọn ọmọ máa kà á, ṣùgbọ́n kí wọ́n má lè pa ohunkóhun rẹ́ níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n rántí ọmọ tí dátà rẹ̀ kò tó, kí wọ́n má kó àwòrán ńlá-ńlá síbẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Orí mi wú, ẹ mọ àwa Ìjẹ̀bú.

Ìgbà náà ni ọ̀dọ́kùnrin kan na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Mọ́mì, tí olùkọ́ kan bá yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀ kó tó pín in fún ẹnìkejì rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní kí wọ́n bá mi bu omi. Wọ́n rò pé ooru ló mú mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Fọlákẹ́, ọ̀rẹ́ mi láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ń kọ́ tiwọn ní Ìjẹ̀bú-Imusin. Kì í ṣe bàọ́lọ́jì ni Fọlákẹ́ kọ́. Iṣẹ́ ilé àti oúnjẹ sísè ló gba ìwé ẹ̀rí lé lórí, ṣùgbọ́n wọn ò rí olùkọ́ bàọ́lọ́jì, ni wọ́n bá ní kó máa bá wọn dì í mú.

Èmi ni mo wá ń kọ nóòtì fún àwa méjèèjì. Ilé-ìwé tiwa ló ní maṣíìnì ìtẹ̀wé tí a ń fi ọwọ́ yí. Wọ́n á fi táípù lu ọ̀rọ̀ sára sítẹ́ńsù, bébà kan tó fẹ́lẹ́ báyìí, a ó dè é mọ́ maṣíìnì náà, a ó máa yí i, nóòtì á máa jáde pẹ̀lú yíǹkì lára. Ní Sátidé, Fọlákẹ́ á wọ mọ́tò wá láti Imusin, á gbé bébà tirẹ̀ dání, a ó jọ máa yí maṣíìnì, a ó máa rẹ́rìn-ín, yíǹkì á kùn wá dé ìgbọ̀nwọ́. Nígbà mìíràn á mú àwọn ọmọ tí orí wọn pé jù wá kí wọ́n fi máíkírósíkóòpù wa wo nǹkan. Ọ̀kan nínú wọn ni Bísọ́lá. Fọlákẹ́ fẹ́ràn ọmọ yẹn bí ẹni pé òun ló bí i.

Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ọ̀rẹ́ mi, ohun tó bá wà nínú nóòtì rẹ ni mo mọ̀ o. Tí o bá ní ẹsẹ̀ adìẹ pé mẹ́ta, mẹ́ta ni màá kọ́ wọn."

Lọ́dún kan, èsì ìdánwò àṣekágbá jáde, àwọn ọmọ Imusin ṣe dáadáa ju tiwa lọ nínú bàọ́lọ́jì. Ọ̀gá wa pè mí síwájú gbogbo olùkọ́. Ó ní, "Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ oúnjẹ ló nà ẹ́ yìí, ìwọ tó o lọ yunifásítì." Àwọn olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nǹkan kan ti wọ̀ mí lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ pe nǹkan yẹn ní orúkọ rẹ̀. Owú ni. Nóòtì mi ni wọ́n fi borí mi, wọ́n sì tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo kọ nóòtì lórí àjogúnbá, bí ọmọ ṣe ń jọ òbí. Ojú-ìwé kan láàárín rẹ̀ ni mo kọ dáadáa jù ní gbogbo ayé mi. Ẹ̀jẹ̀ AA, AS àti SS ló wà níbẹ̀. Mo ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún ọmọ inú ilé. Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé kí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí wọ́n tó fẹ́ ara wọn. Kò sí i nínú ìwé tí àwọn ọmọ ń lò nígbà náà.

Ó nídìí tí mo fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi Káyọ̀dé kú ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àbíkú ni wọ́n pè é nílé wa, wọ́n sì fi abẹ kọlà sí i lára. Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo tó mọ̀ pé àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ló pa á, fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ ò rí i pé èmi gan-an ló yẹ kó mọ iye tí ojú-ìwé yẹn tó?

Mo yọ ọ́. Kí Fọlákẹ́ tó dé ní Sátidé ọjọ́ náà, mo tọ́jú sítẹ́ńsù yẹn sínú dúrọ́ọ̀ mi, mo fi omi pupa tí a fi ń pa àṣìṣe rẹ́ tún nọ́ńbà ojú-ìwé yòókù ṣe, kó má baà dà bí ẹni pé nǹkan kan kù. Fọlákẹ́ dé, ó yí tirẹ̀, ó dì í, ó gbàdúrà fún mi bó ṣe máa ń ṣe, ó lọ. Ní Mọ́ńdè, mo tẹ ojú-ìwé náà fún àwọn ọmọ tèmi.

Ìbéèrè jáde láti ibẹ̀ nínú ìdánwò. A borí Imusin. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Mo sọ fún ara mi pé ìdánwò lásán ni mo fi ṣeré.

Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, mo lọ kí aláìsàn kan ní ilé ìwòsàn níhìn-ín. Ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ẹnìkan kí mi. Bísọ́lá ni. Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ ní Odogbolu, ó ti lọ́kọ, Fọlákẹ́ ló sì gbé ọmọ rẹ̀ jáde lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọmọ náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Kí Bísọ́lá tó sọ̀rọ̀ ni mo ti mọ̀. Bí Káyọ̀dé ṣe máa ń rí nìyẹn.

Bísọ́lá ní, "Ma, dókítà ní AS ni èmi àti bàbá ẹ̀. A ò mọ̀. Ṣé ẹ kọ́ àwọn ọmọ tiyín ní irú nǹkan báyìí?"

Mo ní, "A kọ́ wọn."

"Kí ló wá dé tí Mísísì wa ò kọ́ àwa?"

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni mo ti dá ẹ̀ṣẹ̀ kejì, òun ló sì burú jù. Mo lè sọ òtítọ́ nígbà náà. Mo la ẹnu, ohun tó sì jáde ni pé, "Bóyá ó fò ó ni. O mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀."

Ọmọ náà kú kí Kérésìmesì tó dé. Olúwa fún wọn ní òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, ó wà láàyè, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni Bísọ́lá ò ti yà sílé Fọlákẹ́ mọ́. Tó bá rí i lójú títì, á gba òdìkejì. Èmi ló wá ń bẹ̀ wò. Ó ń pè mí ní Mọ́mì. Ó ń gbé ẹ̀bùn ọdún wá fún mi, mo ń gbà á, mo sì ń jẹ ẹ́.

Mo mọ ohun tí ẹ̀yin kan máa sọ. Ẹ ó ní bóyá kò ní ka ojú-ìwé náà, bóyá ìfẹ́ ò ní jẹ́ kó gbọ́. Èmi náà ti sọ ọ́ fún ara mi títí ó fi sú mi. Bísọ́lá kì í fo ojú-ìwé kankan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Fọlákẹ́ pè mí láti Imusin. Ara rẹ̀ kò yá, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ gan-an. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ni Bísọ́lá ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún un, ṣùgbọ́n sọ fún un pé ohun yòówù kó jẹ́, mo jẹ̀bi. Kó jẹ́ kí n rí òun kí n tó lọ."

Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní Ọlọ́run á bù kún mi.

Bísọ́lá ń bọ̀ wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú yìí. Tí mo bá sọ òtítọ́, màá pàdánù àwọn méjèèjì, ó sì lè jẹ́ pé inú ìbànújẹ́ ni Fọlákẹ́ á gbà lọ. Tí mi ò bá sọ ọ́, ẹni tí kò ṣẹ̀ ni màá jókòó máa bá tọrọ ìdáríjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ, ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀rẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ojú wo ni mo fẹ́ fi bẹ Bísọ́lá fún Fọlákẹ́?