Ẹṣin Nìkan Ni Mo Gbọ́, Mi Ò Gbọ́ Okùn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, inú ẹ̀wọ̀n gbére ni mo ti ń kọ ọ́. Ìjọba ibí kì í so èèyàn rọ̀ mọ́, ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń tì. Ẹjọ́ mi ti parí, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe sí i.

Nígbà tí mo wà nílé-ẹ̀kọ́ ní Woolwich, nílùú òyìnbó níbí, tíṣà wa kó wa gun Shooters Hill. Ó sọ ìtàn àwọn olè ẹlẹ́ṣin tó máa ń dá àwọn arìnrìn-àjò lọ́nà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ó ní ìsàlẹ̀ òkè náà ni wọ́n so wọ́n kọ́ sí, tí òkú wọn rọ̀ dirodiro lójú ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ mi Délé àti èmi, ẹṣin nìkan la gbọ́.

Nígbà tí mo dàgbà, alùpùpù ni mo fi ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà. Lọ́jọ́ kan, Délé jókòó sẹ́yìn mi. Ọkùnrin kan dúró ní Plumstead High Street, ó ń wo fóònù rẹ̀. Délé sọ sí mi létí pé:

"Bro, just ride past. Màá já a gbà. Kò lè catch wa."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gùn ún kọjá, Délé sì já fóònù náà gbà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Màmá mi rí fóònù náà. "Níbo lo ti rí phone yìí?"

"I bought it, Mum. Má worry."

"Ọmọ yìí, ẹ̀rù ẹ ń bà mí o. Màá fi orúkọ ẹ sílẹ̀ fún àdúrà ní church."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan ní Abbey Wood, èmi nìkan ni mo jáde. Mo rí obìnrin àgbàlagbà kan tó gbá báàgì mọ́yà. Mo rò pé góòlù ló wà níbẹ̀. Mo já a, kò fi sílẹ̀.

"Please! Aṣọ Olúwa ni o! Má jẹ́ ó kanlẹ̀!"

Mo gbọ́ ọ yékéyéké, mo sì tún sáré sí i. Alùpùpù wọ́ ọ, orí rẹ̀ gbá etí títì. Ibẹ̀ ló kú sí.

Mo sá wọ ọkọ̀ ojú omi Woolwich Ferry. Lórí omi ni mo ti tú báàgì náà: sútánà funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, àbẹ́là méjì, àti ìwé orúkọ àwọn èèyàn tí obìnrin náà ń gbààwẹ̀ fún. Orúkọ mi ló ṣìkẹta. Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Mo fẹ́ padà, àmọ́ ọkọ̀ ti dé àárín odò.

Màmá mi ṣì máa ń wá wò mí nínú ẹ̀wọ̀n. "Auntie Bísí tó ni báàgì yẹn ló ń bá mi gbàdúrà lórí ẹ," ló wí. "Ta ni kí n wá bẹ̀ báyìí?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo bẹ̀ yín. Ìtàn olè ẹlẹ́ṣin máa ń dùn létí níbẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró kẹ́ ẹ gbọ́ ọ dé ìsàlẹ̀ òkè. Èmi ò dúró, ẹni tó ń gbàdúrà fún mi ni mo pa.