Kókó Kékeré Tí Mo Fi Ta Àbúrò Mi Lọ́rẹ

Àbúrò mi, fa àga yẹn sún mọ́ mi. Wọ́n ní ọkàn mi ò ní pẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan sì wà níkùn mi tí n kò fẹ́ kó bá mi wọ sàréè. Má retí pé màá tò ó tẹ̀léra o. Ogún ọdún ni mo ti ń rò ó, kò tíì yé èmi gan-an.

O mọ̀ pé yàrá àyẹ̀wò ni mo ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo ń gba kókó tí wọ́n bá gé lára aláìsàn, nínú ìgò, tí mo ń gbé e lọ fún dókítà tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn nọ́ọ̀sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sọ mí ní Dókítà Onígò. Èmi òpònú, mo gbà wọ́n gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí kókó ọmú tìrẹ dé, ti ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ sì dé pẹ̀lú. Ọwọ́ mi gbá ìgò kan, omi oògùn inú rẹ̀ dà, ó sì fọ orúkọ ara ìgò méjèèjì nù. Kókó kan tó ẹyin adìyẹ, èkejì ò ju èékánná lọ. Ó yẹ kí n pariwo. Ṣé ẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ ni, àbí ìgbéraga? Mi ò mọ̀. Mo kàn sọ fún ara mi pé èyí tó tóbi ló máa burú, ọmọ ìyá mi sì ni ẹ́. Mo kọ orúkọ rẹ sára èyí kékeré. Ìfẹ́ ni mo pè é!

Nígbà tí èsì jáde, kékeré yẹn ni jẹjẹrẹ. Mo bi dókítà bóyá kò ṣì í wò. Ó rẹ́rìn-ín: “Dókítà Onígò, ta ló sọ fún yín pé títóbi là ń wò? Èyí tí kò léwu máa ń wà nínú àpò ara rẹ̀, kì í kúrò lójú kan. Jẹjẹrẹ ló ń ta gbòǹgbò sínú ẹran ara, tó sì ń ṣí kiri.” Ṣùgbọ́n bóyá tìrẹ náà ni kékeré ọ̀hún lóòótọ́, ta ló mọ̀? Mo pa ẹnu mọ́. Wọ́n gé ọmú rẹ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ìyá olùkọ́ yẹn wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Kókó mìíràn ti yọ lábíyá rẹ̀. “Dókítà Onígò, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọn ò ṣi èsì mi mú ni?” Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ dájú pé obìnrin yẹn ló ni kókó kékeré, ìwọ lo ni ńlá. Mo sì wo ojú rẹ̀, mo ní, “Ẹ máa lọ sílé, Mà. Tiyín kò léwu.” Ṣé kí ojú má tì mí ni mo ṣe purọ́, àbí kí ìwọ má baà gbọ́ pé lásán ni wọ́n gé ọ? Ó dúpẹ́, ó lọ. Kò pé ọdún tí wọ́n fi sin ín.

Sọ fún ọmọ rẹ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì pé àṣìṣe àárọ̀, àárọ̀ náà ni kó sọ ọ́. Ọdọọdún lo máa ń wí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọpẹ́lọpẹ́ yín tẹ́ ẹ bá mi mójú tó ìgò yẹn.” Kò sí jẹjẹrẹ nínú ọmú rẹ, àbúrò mi. Bí o bá lè forí jì mí, forí jì mí. Bí o kò bá lè ṣe é, mo gbà. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi mọ́.