Ohun Tí Mo Ṣe sí Nabila Rashid Nítorí Ìwé-Ẹ̀rí Tí N Kò Ní

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí àyà mi tó tún já. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, yunifásítì ìlú wa fẹ́ wọ̀ mí láṣọ, kí wọ́n dé mi ní fìlà, kí wọ́n sì fi oyè ọ̀mọ̀wé dá mi lọ́lá nítorí iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ láàárín àwọn tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn. Orúkọ mi, Glyn Machin, ti wà nínú ìwé ìròyìn. Àwọn èèyàn ń bọ̀ mí lọ́wọ́ lójú títì, wọ́n ń pè mí ní ọmọ ìlú Stoke àtàtà. Wọn ò mọ ẹni tí wọ́n ń bọ̀ lọ́wọ́. N kò yege ní yunifásítì yẹn rí. Èyí tó burú jù ni pé, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀, mo ba ayé ọmọbìnrin kan jẹ́, ọmọbìnrin tí kò ṣẹ̀ mí ju pé ó fẹ́ gbà mí lọ. Mo ti pé ẹni ogójì ọdún, ẹ̀rù sì ń bà mí bí ọmọdé tó fọ́ àwo ìyá rẹ̀.

Ìyá mi, Beryl, fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ya òdòdó sára àwo nílé iṣẹ́ amọ̀ kan nílùú wa yìí. Kò sẹ́ni tó lọ yunifásítì rí nínú ìdílé wa. Lọ́jọ́ tí mo wọlé láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó kan ilẹ̀kùn gbogbo ojúlé àdúgbò wa láti sọ fún wọn, títí kan ojúlé àwọn tí òun àti wọn kì í kí ara wọn. Ní ọdún kẹta, mo fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ méjì. Kì í ṣe pé n kò lọ́pọlọ. Mò ń sùn, mò ń mu bíà, mò ń sọ pé ó di ọ̀la. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, mo kà á lórí kọ̀ǹpútà ilé ìwé, mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn délé, mo la ẹnu, mo ní, "Mọ́mì, mo ti yege." Ìyá mi jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bú sẹ́kún. N kò lè gba ọ̀rọ̀ náà padà lójú ẹkún bẹ́ẹ̀. Ojo ni mí, ojo ni mí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ti ra bàtà àti fìlà tí yóò fi lọ síbi ayẹyẹ. Mo tún purọ́ fún un pé ìwé ìwọlé fún àwọn òbí ti tán. Ó ní, "Kò burú, ọmọ mi. Ṣáà ti ya fọ́tò wá." Bí mo ṣe lọ háyà gáùn ìkẹ́kọ̀ọ́jáde nìyẹn. Ọkùnrin tó ń háyà aṣọ bi mí pé ìborùn aláwọ̀ wo ni kó fi sí i, mo sì nawọ́ sí búlúù nítorí pé ó dára lójú mi. Ìyá mi gbé fọ́tò náà kọ́ sókè ibi ìdáná ní pálọ̀, gbogbo ẹni tó bá sì wọlé ló gbọ́dọ̀ wò ó kó tó rí tíì mu.

Bí mo ṣe purọ́ fún ìyá mi ni mo ṣe purọ́ fún báńkì. Báńkì wa a máa gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti ná kọjá owó tó ní, láìgba èlé kankan lórí rẹ̀. Bó bá sì yege, wọn á fi àyè yẹn sílẹ̀ fún un fún ọdún díẹ̀ sí i, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Mo sọ fún wọn pé mo ti jáde, wọ́n gbà mí gbọ́, wọn ò bèèrè ìwé kankan. Ẹ̀yáwó aláìlélé yẹn ni mo fi ń gbéra, èmi tí mò ń di táìlì sínú páálí nílé ìkẹ́rù. Àfi bí lẹ́tà ṣe dé lóṣù keje. Báńkì ní àwọn ti fagi lé àǹfààní náà fún gbogbo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, pé láti oṣù tó ń bọ̀, èlé yóò máa gorí gbogbo ohun tí a bá jẹ wọ́n.

Nabila Rashid ló kọ́kọ́ bínú síta. Èmi àti ẹ̀ la jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Òun yege dáadáa, ó ń ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, yunifásítì sì ti fún un láyè láti bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ lóṣù kẹsàn-án. Ó dá ojú ewé kan sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo àwọn tí báńkì já jù sílẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀ nínú ìbínú, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mọ́ àwọn èèyàn nínú. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti ń pe èmi àti Nabila ní aṣáájú wọn. Ó yẹ kí n sá. Ẹni tó ní ohun tó ń fi pamọ́ kì í dúró sójú ọjà kó máa pariwo. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti purọ́ fún ìyá mi, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ dà bí èèyàn gidi lójú ara mi.

Nabila ló ní ká wọ gáùn wa lọ síwájú báńkì lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní, "Glyn, gbàgbé tìẹ sílé kó o rí i o. Kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ tó kàwé ni wá, a kì í ṣe jàǹdùkú." Mo tún sáré lọ háyà aṣọ kan náà, ìborùn búlúù kan náà. Ìyá mi tẹ̀ lé mi lọ, ó gbé àkàrà òyìnbó pẹlẹbẹ tí a fi wàràkàṣì dì dání, ó ń pín in fún àwọn ọmọ. Òun ló pariwo jù níbẹ̀: "Ẹ fi ọmọ mi lọ́rùn sílẹ̀! Ẹ̀yin olójúkòkòrò wọ̀nyí!" Ẹni kan láti iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn ya wá ní fọ́tò. Nígbà tó yá, mánéjà jáde, Ọ̀gbẹ́ni Bloor, ọkùnrin kúkúrú kan tó ń làágùn.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dínà mọ́ àwọn oníbàárà. Ẹ yan èèyàn méjì kí wọ́n wá rí mi lọ́jọ́ Ẹtì. Kí wọ́n sì mú ìwé-ẹ̀rí wọn dání, kí n mọ̀ pé àwọn tó jáde lóòótọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Gbogbo wọn pariwo orúkọ mi àti ti Nabila. Ìyá mi ń pàtẹ́wọ́. Láti ìgbà náà, oúnjẹ ò wọ ọ̀fun mi mọ́. Mò ń ka ọjọ́ tó kù bí ẹni tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún. Mo rí i lójú inú bí Bloor yóò ṣe pe yunifásítì, bí ìwé ìròyìn yóò ṣe gbé e, bí ìyá mi yóò ṣe máa gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kọjá kí àwọn ará àdúgbò má bàa rí i.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo jáde níbi iṣẹ́, mo bá Nabila lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé ìròyìn tó gbé fọ́tò wa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ká lọ jókòó lẹ́bàá odò àtọwọ́dá tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà.

"Glyn, ìborùn ta lo wọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Tèmi ni."

"Lọ purọ́ fún ẹlòmíì. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ni búlúù. Tiwa dà bí àwọ̀ ọsàn. Àbí o ti ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́ tí mi ò mọ̀?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. Òun náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Mo wo fáìlì ẹ. Mo rò pé wọ́n ṣi aṣọ gbé fún ẹ ni, mo fẹ́ wò ó kí ẹnì kan tó fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Kò yẹ kí n wò ó. Tí ọ̀gá mi bá gbọ́ pé mo ṣí fáìlì ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò kàn mí, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn, ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ náà ti lọ nìyẹn. Glyn, iṣẹ́ méjì péré! Wọ́n ṣì lè jẹ́ kó o tún un ṣe. Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mọ́mì mi ńkọ́, Nabila? Ó máa pa á."

"Kò ní pa á. Lọ sọ fún un lónìí. Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi nìkan á lọ bá bàbá yẹn, màá ní ara ẹ ò yá. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ó fọwọ́ bà mí léjìká, ó sì lọ wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọkàn rere, ẹkún ìdùpẹ́ ni yóò sun lórí ìjókòó yẹn. Ohun tí mo gbọ́ ní tèmi ni pé ẹnì kan ti mọ̀. Mo ronú pé lónìí kò ní sọ, bí a bá wá jà lọ́la ńkọ́? Mo lọ sí ilé ìkàwé ìlú, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo sì tẹ lẹ́tà aláìlórúkọ sí ọ̀gá rẹ̀. Mo ní Nabila Rashid ń ṣí fáìlì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń fi ohun tó rí níbẹ̀ ṣòfófó káàkiri. Ìdajì àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló fi inú kan sọ ọ́ fún mi. Ìdajì kejì, irọ́ gbuu ni. Èrò mi ni pé bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n sí olófòófó, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́ bó bá dárúkọ mi. Mo dé ìdí àpótí lẹ́tà, mo ti ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀, mo sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo ṣì lè fà á jáde. Obìnrin arúgbó kan dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Ṣó o fẹ́ fi í síbẹ̀ ni àbí o ò fẹ́ fi í síbẹ̀?" Mo jọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Wọ́n pè é lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Wọ́n rí i lóòótọ́ pé ó ṣí fáìlì mi, wọ́n sì bi í pé kí ló ń wá níbẹ̀. Ká ní ó sọ pé, "Glyn ń tan gbogbo ìlú jẹ," ìbá rí nǹkan fi gbèjà ara rẹ̀. Ó ní òun kàn ṣe ojúmìító ni. Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì gba àyè olùkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Èmi ni mo ṣẹ̀, ìka Nabila ni wọ́n gé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Nabila ò wá, èmi nìkan ni mo wọ ọ́fíìsì Bloor, òógùn ti mu ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ó ní, "Ìwé-ẹ̀rí yín dà?"

Mo ní, "Ó wà nílé, sà. Ìyá mi ti fi férémù sí i."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá tèmi náà nìyẹn! Ẹ jókòó, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Olú iléeṣẹ́ wa pè láàárọ̀ yìí. Ariwo yín ti pọ̀ jù fún wọn. Wọ́n ti dá ẹ̀yáwó yín padà sí bó ṣe wà."

Kò sẹ́ni tó fẹ́ wo ìwé-ẹ̀rí kankan. Mo ti ta Nabila, kò sì sí ẹni tó fẹ́ rà. Bí mo ṣe jáde, àwọn èèyàn gbé mi sókè, wọ́n ń kọrin, èmi náà sì ń juwọ́ sí wọn.

Lọ́jọ́ Àìkú, Nabila wá sílé wa. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní, "Glyn, ta ni mo ṣẹ̀ tó lè ṣe irú èyí sí mi?" Mo gbé omi kaná. Mo po tíì fún un, ṣúgà méjì, bó ṣe máa ń fẹ́ ẹ. Mo ní, "Nabila, ayé le." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó mu tíì náà tán. Lọ́sẹ̀ kejì, ó kó lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Bradford. Èmi? Òkìkí báńkì yẹn ló fún mi níṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń gba àwọn onígbèsè nímọ̀ràn. Wọn ò bi mí léèrè ìwé. Mo sì ṣe iṣẹ́ náà tọkàntọkàn, n kò ní purọ́ sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n fún ọdún méjìdínlógún, bí fóònù bá dún tí n kò mọ nọ́ńbà rẹ̀, ẹsẹ̀ mi a máa tutù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí ìwé oyè dé, mo wá nọ́ńbà Nabila kàn. Mo pè é, mo jẹ́wọ́ fún un pé èmi ni mo kọ lẹ́tà. Ó wá ní, "Ìwọ nìkan ni mo sọ fún, Glyn. Ta ni mi ò bá tún máa rò?"

"O mọ̀, o sì mu tíì mi?"

"Mo wá kó o lè sọ ọ́ ni. Mo mu ún díẹ̀díẹ̀ kó o lè ráyè sọ ọ́." Ó tún ní, "Ṣé o ti sọ fún mọ́mì ẹ?"

Mo ní rárá.

"Ẹ̀rù ọjọ́sí náà ló ṣì ń bà ẹ́ nìyẹn." Ó sì pa fóònù.

Lánàá ni mo lọ bá ìyá mi. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo kúnlẹ̀ síwájú àga rẹ̀, mo ní, "Mọ́mì, n kò yege."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo rò pé kò gbọ́ ohun tí mo wí ni. Ó ní, "Dìde nílẹ̀, orókún ẹ ò dáa. Ilé yìí ni wọ́n máa ń fi lẹ́tà ẹ ránṣẹ́ sí láti yunifásítì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kọ̀wé pé kó o wá tún iṣẹ́ méjì ṣe. Mo kà á, mo jó o níná. Mo ní bóyá ìwọ fúnra ẹ á sọ fún mi. Nígbà tó ò sọ ọ́, ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá sọ pé mo mọ̀, o ò ní lè wo ojú mi mọ́. Torí náà, mo bá ẹ gbé e."

Ohun tí mo fi ayé Nabila bò mọ́lẹ̀, ìyá mi ti mọ̀ ọ́n kí a tó dé iwájú báńkì rárá. Ó nawọ́ kí ó fi pa mí lórí. Mo ní, "Ó ku ìkan, Mọ́mì." Mo wá sọ ti Nabila fún un, ti lẹ́tà, ti tíì. Ọwọ́ tó nà náà, ó dá a padà sórí itan rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọbìnrin tó gba àkàrà jẹ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn?" Mo ní òun ni. Ó ní, "Eléyìí ni mi ò mọ̀, Glyn. Eléyìí ni mi ò lè bá ẹ gbé."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó wà ní gbọ̀ngán yẹn lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ gbọ́ mi. Bí ẹ bá fìdí rẹmi, ẹ lọ sọ ọ́ nílé lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ò tiẹ̀ tíì pé ogún. Nabila, n kò tíì bẹ̀ ọ́ pé kó o dárí jì mí, nítorí n kò tíì ṣe ohun tí mo lè fi bẹ̀ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí dé egungun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, màá wọ aṣọ kóòtù ara mi dé ibẹ̀, màá kọ oyè wọn, màá sì ka ìwé yìí sókè níwájú àwọn tó lé ọ kúrò níṣẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú orúkọ rẹ àti orúkọ mi.