Àwọn Kòtò Ọ̀nà Kessell

Alága wa, Ìyáàfin Thelma Rohde, ẹni tó ti ń wo aago látìgbà tí mo ti dìde. Ẹ̀yin àgbà tó jókòó síwájú. Ẹ̀yin ará kánsù tí ẹ fara dà mí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin panápaná, àti ẹ̀yin tí ẹ wá láti àwọn ilé ìfúntí wáìnì, mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi wa katapílà tó ń mú àwọn ọ̀nà eléruku wa tẹ́jú. Ta ni mi ò mọ ẹnu géètì rẹ̀ nínú yín? Des Nitschke, ọ̀gá panápaná, ìgbà mẹ́ta lo fi okùn fà mí jáde nínú ẹrẹ̀. Tó o bá sì dé ilé ọtí, ó ti di mẹ́tàdínlógún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, òpùrọ́ mi àtàtà.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ilé ìfúntí kan péré ló wà ní Talba Creek wa yìí, àgùntàn ló kún ibi yòókù. Lónìí wọ́n ti di mọ́kànlá. Wọ́n ń fa omi tó bẹ́ẹ̀ tí kànga Des ti gbẹ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Tó bá di Sátidé, bọ́ọ̀sì àwọn tó wá tọ́ wáìnì wò kì í jẹ́ ká ráyè da ẹran kọjá títì. Ṣé kí n wá ní inú mi dùn sí i ni? Inú ń bí mi o. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi ná, nítorí ẹ̀bi kan wà lọ́rùn mi.

Nígbà tí Gemma Pascoe ra oko Kessell, tó kọ́ ilé ìfúntí kọkànlá síbẹ̀, mi ò lọ sí ìpàdé kankan láti ta kò ó. Èmi ọlọ́gbọ́n, ṣe ni mo dẹ́kun títẹ́ ọ̀nà Kessell tó lọ síbẹ̀. Tí mo bá dé oríta, mo máa gbé abẹ katapílà sókè, mo máa kọjá. Mo ní bí kòtò bá pọ̀, bọ́ọ̀sì á padà. Kánsù bi mí, mo ní òjò ni. Gemma gbé kéèkì wá bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo jẹ kéèkì, mi ò tẹ́ ọ̀nà. Ta ló sì máa fura sí mi, nígbà tó jẹ́ pé òpin ọ̀nà yẹn gan-an ni ilé mi wà?

Lóṣù Kẹfà tó kọjá, Lorna ìyàwó mi ṣubú lẹ́yìnkùlé, egungun ìgbáròkó rẹ̀ ṣẹ́. Taya áńbúláǹsì bẹ́ nínú kòtò kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Gemma ló gbé ọkọ̀ oko rẹ̀ wá, ó kó tìmùtìmù àga àwọn oníbàárà rẹ̀ tẹ́ fún Lorna, ó sì rọra wà á lọ sí ọsibítù. Gbogbo kòtò tí a bá kó sí ni Lorna ń ké. Èmi sì mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá máa gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn. Mo gbẹ́ tèmi jìn, aya mi ló jìn sí i.

Lorna, o ò mọ̀ títí di ìsinsìnyí. Òjò lo rò pé ó ṣe é. Mo rí ojú tó o fi ń wò mí yẹn. Jọ̀wọ́, gbé ọ̀pá yẹn sílẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ níwájú èrò, nítorí mi ò láyà tó láti sọ ọ́ nílé, níbi tó ku àwa méjì.

Gemma, ìwọ náà, mo bẹ̀ ọ́. Ọ̀nà Kessell ni mo tẹ́ gbẹ̀yìn lọ́sẹ̀ yìí, ó ti ń dán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́bọ̀, kánsù máa gbọ́rọ̀ lórí kànga tuntun àti gbọ̀ngàn ìgbéyàwó tó o fẹ́ kọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ bí ọmọ, mo sì ti forúkọ sílẹ̀ láti ta kò ọ́. Mo máa dìde lójú rẹ, mo máa sọ pé omi wa ò tó mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kùn nídìí géètì, ẹ wá sọ tiyín níbẹ̀. Tí a bá sì parí, Gemma, jẹ́ kí n gbé ọ lọ sílé, ọ̀nà kan náà là ń gbà.

Ọlọ́run á rọ òjò sí kànga olóko àjàrà àti ti alágùntàn. Àìsàn ò ní bá yín lójú ọ̀nà tí ò dáa. Ẹ ò ní fi ìbínú ṣe ara yín léṣe.

Lorna, ṣé kí n wá jókòó tì ọ́ báyìí?

Ó ní kí n ṣì dúró síbẹ̀ ná. Ẹ ṣé o.